Ìwé Ìtàn Ogun àti Ìwé Baba Wa

Ẹnìkan bi mí léèrè pé èrè kí ni mo ń rí nínú kíkó ìwé ìtàn ogun àtijọ́ jọ. Ní 1964 ni a tẹ ìwé tí Haywood àti Clarke kọ nípa ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà jáde ní Aldershot, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ogun Burma ti 1944 àti 1945, níbi tí àwọn ọmọ wa gbé jà, wà nínú rẹ̀. Ẹni tí yóò ra irú ìwé àtijọ́ bẹ́ẹ̀, kí ó ṣí àwọn àwòrán ilẹ̀ inú rẹ̀ wò kí ó tó sanwó. Àwọn ni ó máa ń kọ́kọ́ ya.

Ṣùgbọ́n ọ̀gágun ni àwọn tí ó kọ ọ́, ojú ọ̀gágun ni wọ́n sì fi wo ogun. Nítorí náà ni mo ṣe fi ìwé kékeré kan tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ti Isaac Fadoyebo, ọmọ agbègbè Ọ̀wọ̀, tí a tẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1999. Ìbọn bà á ní Burma ní 1944; oṣù mẹ́sàn-án ni òun àti ẹnìkejì rẹ̀ fi sá pamọ́ fún àwọn ọmọ-ogun Jàpáànù, tí àwọn ará abúlé sì ń bọ́ wọn. Ta ni ìbá sọ èyí bí kò ṣe òun?

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi náà lọ sí Burma. Inú àpótí onígi, ní ilẹ̀ yàrá, ni a fi ìwé tí a fi dá a sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ogun sí. Ikán jẹ ẹ́ tán, àti nọ́mbà rẹ̀ àti orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí irú rẹ̀ bá wà nílé yín, ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ lónìí. Ìwé ńlá náà wà lọ́wọ́ mi, mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì, n kò sì mọ ojú-ewé tí ó jẹ́ ti baba wa.