Ẹ̀jẹ̀ Ríru Kí Ọjọ́ Ìkómọ Tó Pé

 Ẹ̀yin ìyá ọmọ tuntun tí a fi abẹ gbé ọmọ yín, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí ọmọ àti ibi bá ti jáde, ọ̀ràn ẹ̀jẹ̀ ríru aboyún ti parí nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi ọmọ ni ó ń pèsè èyí tí ó pọ̀ jù nínú họ́mónù oyún, àwọn èròjà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri láti jíṣẹ́ fún ara. Ọ̀kan nínú wọn, progesterone, a máa mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ dẹ̀. Nígbà tí dókítà bá gbé ibi jáde, họ́mónù yìí yóò já wálẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Omi tí ó wú ẹsẹ̀ yín nígbà oyún yóò máa padà sínú ẹ̀jẹ̀, yóò bá omi tí a fà sí yín lára nígbà iṣẹ́ abẹ níbẹ̀. Ẹ wá fi ìrora ojú ọgbẹ́ àti àìsùn kún un. Ìdí nìyí tí ẹ̀jẹ̀ fi sábà máa ń ga jù láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkẹfà, nígbà tí ìyá lè ti padà sílé, tí àwọn ará ilé sì ń ṣètò ẹran ìkómọ.

Ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́, níbi tí Ìpógun wà, ni ètò Abíyè ti bẹ̀rẹ̀ ní 2009. Wọ́n fún àwọn aboyún ní fóònù kí wọ́n lè pe òṣìṣẹ́ ìlera. Ní 2010, ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ ṣí ní Àkúrẹ́. Ìdádúró ni ètò náà dojú kọ, èyí tí ó sì ń bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé kò kéré nínú rẹ̀. Lójú tèmi, ìdádúró inú ilé burú jù lẹ́yìn ìbímọ, nítorí ọmọ ni gbogbo ojú ń wò.

Nítorí náà, bí orí bá ń fọ́ yín tí oògùn kò ràn án, bí ojú bá ń ṣú, bí òkè inú bá ń run yín lábẹ́ ìhà ọ̀tún, tàbí tí ẹ kò lè mí délẹ̀, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ pé ariwo àlejò ni. Ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ yín. 140/90 ti ga. Bí ó bá dé 160/110, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀, bí ara tilẹ̀ ń yá yín. Gìrì lè tẹ̀lé e títí di ọ̀sẹ̀ kẹfà, àní lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ru nígbà oyún. Abẹ́rẹ́ magnesium sulphate wà láti dènà rẹ̀, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò ní pa ọmọ ọmú lára sì wà pẹ̀lú.

Nígbà tí ó bá tó àkókò ìfètò-sọ́mọ-bíbí, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹ̀jẹ̀ yín ti ru rí. Oògùn oníhóró tí estrogen wà nínú rẹ̀ lè tún gbé e sókè. Ẹ béèrè èyí tí a fi kọ́pà ṣe, tí a ń fi sínú ilé ọmọ.