Ọ̀nà Àbọ̀ Pọ́ọ̀lù àti Àwọn Ìjọ Oko Ìbàdàn

Lẹ́ẹ̀rùn ni ìsọjí máa ń pọ̀ jù ní àwọn oko Ìbàdàn. Òjò kò ní í ba gbohùngbohùn jẹ́ nígbà náà, mọ́tò tó kó akọrin wá kò ní í rì sínú ẹrẹ̀, àwọn àgbẹ̀ náà sì ti rí nǹkan tà. Láti Akínyẹlé dé Lágelú, láti Ẹgbẹ́dá dé Ọ̀nà-Àrà, ará abúlé a kàn jí rí i pé wọ́n ti lẹ pósítà mọ́ ògiri ilé òun. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rọ amúnáwá á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, iná á tàn yòò bí ẹni pé ọdún dé. Wọ́n á wàásù, wọ́n á gbàdúrà fún aláìsàn, wọ́n á ní kí ẹni tó bá fẹ́ gba Jésù bọ́ síwájú, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sínú ìwé. Òru mélòó kan ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, mọ́tò ti gba Ìbàdàn lọ, ìwé tí wọ́n kọ orúkọ sí náà sì ti bá wọn lọ.

Kò sí èrò ibi nínú ohun tí wọ́n ń ṣe. Owó àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń ra epo tí ẹ̀rọ ń mu. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi wọ́n, Pọ́ọ̀lù ni wọn yóò tọ́ka sí: ṣebí òun náà kò jókòó sójú kan? Kò jókòó sójú kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdajì ìtàn rẹ̀ nìyẹn. Ìdajì kejì wà lójú ọ̀nà àbọ̀ rẹ̀, ó sì wà lọ́wọ́ àwọn tó fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́ kó tó lọ. Ìdajì kejì yìí gan-an ni oko Ìbàdàn ṣì ń retí.

Ẹ wo ìrìn-àjò àkọ́kọ́ tó wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí 13 àti 14. Áńtíókù ti Síríà ni Pọ́ọ̀lù àti Bánábà ti gbéra. Wọ́n wọkọ̀ ojú omi dé erékùṣù Kípírọ́sì, wọ́n sọdá sí Págà, níbi tí Jòhánù Máàkù ti fi wọ́n sílẹ̀ tó padà sílé. Wọ́n gun òkè lọ sí Áńtíókù ti Písídíà, wọ́n dé Ikóníónì, wọ́n dé Lísírà. Ní Lísírà, àwọn èrò kọ́kọ́ fẹ́ fi màlúù rúbọ sí wọn bí òrìṣà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ Pọ́ọ̀lù ní òkúta, tí wọ́n wọ́ ọ sẹ́yìn ìlú, tí wọ́n rò pé ó ti kú. Lọ́jọ́ kejì ó gba Dábè lọ.

Láti Dábè, ọ̀nà ilẹ̀ kan wà tó gba àárín òkè kọjá lọ sí Tásù, ìlú tí wọ́n ti bí Pọ́ọ̀lù. Ẹni tí egbò òkúta ṣì wà lára rẹ̀ ìbá gba ibẹ̀ lọ sílé, kò sí ẹni tí yóò bá a wí. Kò gba ibẹ̀. Ó yí padà sí Lísírà tí wọ́n ti sọ ọ́ ní òkúta, sí Ikóníónì, sí Áńtíókù. Ó ń mú àwọn onígbàgbọ́ lọ́kàn le, ó sì ń yan àwọn alàgbà nínú ìjọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ààwẹ̀ àti àdúrà. Kò ránṣẹ́ sí Síríà pé kí wọ́n fi pásítọ̀ ránṣẹ́. Àwọn ará Lísírà ló fi jẹ alàgbà ní Lísírà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbàgbọ́ wọn kò tíì pẹ́ rárá.

Ìlú Ìbàdàn fúnra rẹ̀ mọ irú ìtàn yìí. Lọ́dún 1851 ni David Hinderer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS rán wá, kọ́kọ́ wọ Ìbàdàn. Lọ́dún 1853 ó padà wá pẹ̀lú Anna ìyàwó rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀dó sí Kúdẹtì. Olóyè Olúnlọ́yọ̀ọ́ fi ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, fún wọn láti kọ́ níwèé. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1860, ọ̀nà Abẹ́òkúta dí, ẹrù àti owó kò lè wọlé mọ́. Ebi pa tọkọtaya yìí débi pé aṣọ orí ibùsùn ni Anna ń tà kí wọ́n tó lè rí owó ẹyọ ra ẹran díẹ̀. Ọdún 1865 ni Glover, òyìnbó tó ń ṣàkóso Èkó, tí ará Èkó ń pè ní Ọba Gólóbà, tó rán àwọn ènìyàn gba inú igbó wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Nígbà tó fi máa di ọdún 1869, wọ́n ti fi Ìbàdàn sílẹ̀, Anna sì kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ó yẹ kí ìjọ náà tú ká. Kò tú. Daniel Olúbí tó ti ń bá wọn gbé láti ìgbà èwe rẹ̀ ló gba iṣẹ́ náà, wọ́n sì fi jẹ díákónì lọ́dún 1871. James Òkúsẹ̀ìndé wà ní Ògùnpa, William Allen wà ní Arẹ̀mọ. Àwọn mẹ́ta yìí ló dá ìjọ dúró nígbà tí òyìnbó kankan kò sí nílé. Olúbí wà lẹ́nu iṣẹ́ títí ọjọ́ ogbó, ọdún 1912 ló tó kú. Ohun kan tún wà tí àwọn oníwàásù kì í sábà mẹ́nu bà: ọmọ Ẹ̀gbá ni Olúbí, Ẹ̀gbá àti Ìbàdàn sì dojú ìjà kọ ara wọn nínú ogun Ìjàyè. Síbẹ̀ ó jókòó láàárín àwọn tí ìlú rẹ̀ ń bá jà, ó jẹ ohun tí wọ́n ń jẹ, ó fara da ohun tí wọ́n fara dà. Ẹni tó bá rò pé ọmọ bíbí abúlé nìkan ló lè jẹ́ alàgbà níbẹ̀ lè ti ara Olúbí yí èrò rẹ̀ padà. Ẹni tó bá ti gbà láti bá wọn jìyà ti di ara ilé.

Àpẹẹrẹ Ìjàyè tún sún mọ́ àwọn oko yìí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí inú ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé ni Ìjàyè-Orílé wà lónìí. Láyé Àrẹ Kúrunmí, olórí Ìjàyè, lọ́dún 1853, Thomas Jefferson Bowen ti ìjọ Onítẹ̀bọmi wá síbẹ̀, Adolphus Mann ti CMS náà wá. Wọ́n kọ́lé, wọ́n kó ọmọ jọ, ìrètí pọ̀. Lóṣù kẹta ọdún 1862, Ìbàdàn fọ́ Ìjàyè. Ilé àwọn míṣọ́nnárì bá ìlú lọ. Ohun tó ṣẹ́ kù ni àwọn ènìyàn tó sá dé Abẹ́òkúta, tí wọ́n tẹ̀dó sí àdúgbò tó ń jẹ́ Ìjàyè títí dòní, tí wọ́n sì ń jọ́sìn lọ níbẹ̀. Ògiri ti wó, ṣùgbọ́n ìjọ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn.

Wàyí o, báwo ni àwọn ìjọ tó wà láàárín Mọ́níyà àti Ìjàyè, tàbí lọ́nà Lálúpọn, Ẹ̀rúnmú àti Àkànrán, ṣe ń rìn? Ilé làbọ̀ simi oko ni ará Ìbàdàn ń wí. Òtítọ́ ni fún àgbẹ̀ tó ní agbo ilé nígboro tó ń wálé ọdún, òkú àti ìyàwó. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìjọ náà ti gbé òwe yìí wọ ilé ìsìn. Oko di ibi tí wọ́n ń rán pásítọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ lọ kó lọ fi kọ́ iṣẹ́, tàbí ibi tí wọ́n ń rán ẹni tó ṣẹ ọ̀gá lọ kó lọ ronú. Pásítọ̀ náà kì í sábà tú ẹrù rẹ̀ tán. Tírànsífà ló ń gbàdúrà fún. Kó tó mọ ẹni tó ń bínú sí ta nítorí ààlà ilẹ̀, lẹ́tà ti dé, ẹlòmíràn ti ń bọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ẹnìkan wà lórí àga ẹ̀yìn nínú ìjọ tó ti mọ gbogbo èyí tẹ́lẹ̀. Ẹ wo bàbá àgbẹ̀ kan tó ti tó ọgọ́ta ọdún, tí baálẹ̀ kì í dájọ́ láìpè é, tó mọ ilé tí ebi ti ń pa opó, tó mọ ọmọ tó ti ń bá àwọn amugbó rìn. Nínú ìjọ, kí ni iṣẹ́ rẹ̀? Igbá ọrẹ ni wọ́n ní kó máa gbé. Wọ́n ní kò kàwé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni Pọ́ọ̀lù ń fi jẹ alàgbà ní Lísírà.

Ẹnìkan lè ní, wòlíì Àyọ̀ Babalọlá ńkọ́? Ṣebí èrò rẹpẹtẹ ló tẹ̀ lé e ní Iléṣà lọ́dún 1930, tí ìsọjí sì ràn ká ilẹ̀ Yorùbá? Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kí Babalọlá tó dé ni àwọn ẹgbẹ́ aládùúrà ti wà nílẹ̀, tí àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ń darí wọn. Ní Ìbàdàn, Isaac Babalọlá Akínyẹlé wà lára wọn, ọmọ Ìbàdàn tó ti kọ ìwé ìtàn ìlú rẹ̀, tó sì wá jọba Olúbàdàn lọ́dún 1955. Ìsọjí bá agbo nílẹ̀, ó bá olùṣọ́ nílẹ̀. Ohun tó mú kí èrò ọjọ́ náà di ìjọ títí dòní nìyẹn. Ìsọjí òde òní ń fẹ́ èrò Iléṣà láìní agbo Iléṣà.

Ibi tí Pọ́ọ̀lù ti ń pàdé ènìyàn náà yẹ ní wíwò. Ní Fílípì, ẹ̀bá odò ló lọ, níbi tí àwọn obìnrin ti ń pàdé gbàdúrà, ibẹ̀ ni Lìdíà tó ń ta elésè àlùkò ti gbọ́, ilé rẹ̀ ló sì di ibùdó ìjọ. Ní Éfésù, gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ Tìránù ló gbà, ó sì ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọdún méjì. Ní oko Ìbàdàn, ẹ̀bá odò Fílípì ni abẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ti ń yan gàrí. Àwọn obìnrin ń bó ẹ̀gẹ́, ẹ̀rọ ń lọ̀ ọ́, èéfín ń bọ́ sí wọn lójú, ọ̀rọ̀ ń lọ láti ẹnu dé ẹnu láti àárọ̀ títí dalẹ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ abúlé kò ní í ṣaláì gba ibẹ̀ kọjá. Pásítọ̀ mélòó ló ti jókòó lórí àpótí níbẹ̀ rí? Ọ̀pọ̀ a máa pe ìpàdé obìnrin sí ọjọ́ ọjà, wọ́n á tún wá máa ráhùn pé àwọn obìnrin abúlé kò fẹ́ràn ohun Ọlọ́run.

Nípa oúnjẹ òòjọ́, Pọ́ọ̀lù pa àgọ́ ní Kọ́ríńtì lọ́dọ̀ Ákúílà àti Pìrìsílà, ó sì rán àwọn alàgbà Éfésù létí nígbà tó ń dágbére fún wọn pé ọwọ́ òun ló bọ́ òun àti àwọn tó wà pẹ̀lú òun. Pásítọ̀ oko tó ní ebè iṣu tàbí tó ń sin adìyẹ kì í ṣe ẹni ìtìjú. Àwọn aláṣẹ kan nígboro ka á sí àbùkù, wọ́n ní kò gbájú mọ́ iṣẹ́. Ẹni tó bá pàdé ọmọ ìjọ rẹ̀ lóko nígbà tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ààwẹ̀ òjò fún un.

Àtakò tó lágbára jù ni ti ẹ̀kọ́. Wọ́n ní bí a bá fi ìjọ lé àgbẹ̀ lọ́wọ́, ẹ̀kọ́ èké yóò wọlé. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe asán, Pọ́ọ̀lù alára bẹ̀rù rẹ̀. Ohun tó ṣe ni pé ó kọ lẹ́tà, ó rán Tímótì lọ sí Tẹsalóníkà, ó fi Títù sílẹ̀ ní Kírétè. Kò gba ìjọ padà lọ́wọ́ àwọn alàgbà. Lónìí, lẹ́tà rọrùn ju ti ìgbà náà lọ fíìfíì, ẹ̀kọ́ lórí WhatsApp a máa dé Àkànrán kí ọkọ̀ tó dé ibẹ̀. Bíbélì Yorùbá ti wà lódindi láti ọdún 1884, látọwọ́ Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ fi ń kọ́ni, ní ọjọ́ àárín ọ̀sẹ̀, nígboro, pẹ̀lú owó fọ́ọ̀mù. Àwọn ìdènà tí ìjọ fọwọ́ ara rẹ̀ mọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀kọ́ tọ àwọn alàgbà lọ sí oko lédè tí wọ́n fi ń bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀, lásìkò tí iṣẹ́ bá dín.

Ọ̀rọ̀ pátákó ìjọ náà wà nílẹ̀. Pọ́ọ̀lù sọ fún àwọn ará Róòmù pé òun kò fẹ́ kọ́lé lórí ìpìlẹ̀ ẹlòmíràn. Abúlé tí ilé rẹ̀ kò tó ogójì, tó ní pátákó ìjọ márùn-ún lójú ọ̀nà, kò nílò ẹlẹ́ẹ̀kẹfà. Ìyẹn kò gba àlàyé púpọ̀.

Owó ló kù. Láti ìjọ tuntun ní Makedóníà àti Ákáyà ni Pọ́ọ̀lù ti kó owó jọ, àwọn tálákà ní Jerúsálẹ́mù ló sì wà fún. Ó ní kí àwọn ìjọ yan àwọn tí yóò bá owó náà rìn kí ẹnikẹ́ni má baà fura. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ wa, ìdá mẹ́wàá àti ọrẹ ìdúpẹ́ oko ń gòkè lọ sí oríkò lóṣooṣù, òrùlé ìjọ oko sì ń jò. Ìjọ tí kò tíì lè gbọ́ bùkátà ara rẹ̀ kò yẹ kó máa fi owó ránṣẹ́ síbì kankan. Kí ìgbìmọ̀ tó bá fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ lára Pọ́ọ̀lù gbé ìwé ìṣirò ọdún tó kọjá jáde kí wọ́n tó ya owó ìsọjí ọdún yìí sọ́tọ̀. Kí wọ́n kà á sétí gbogbo ìjọ, èló ló wá láti Ẹ̀rúnmú, èló ló padà sí Ẹ̀rúnmú. Kí wọ́n sì pe alàgbà kan láti Ẹ̀rúnmú jókòó síbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kà á.