Galapagos ni tiyín, Ọ̀ṣun ńkọ́?

Látàárọ̀ ni gbogbo yín ti ń pín fídíò erékùṣù Galapagos kiri, ìjàpá ràgàjì. Ó rẹwà, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀bọ ń fò lórí igi nínú Igbó Ọ̀ṣun níbí, igbó tí UNESCO kọ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Ta ló pín tiwọn?

Odò inú igbó yẹn ti di ẹrẹ̀. Wúrà ni wọ́n ń wà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, wọ́n ń fọ̀ ọ́ sódò. Kò dúró l'Óṣogbo o, ọ̀sà Lẹ́kì lomi ń gbé e lọ.

Àbẹ̀rẹ̀ ni mò ń gbé, níbi tí sẹkitéríàtì ìjọba wà. Ẹ má sọ pé wọn ò mọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀! Lóṣù Kẹjọ ẹ ó tún wọ aṣọ funfun wá ya fọ́tò létí omi pupa yẹn, ẹ ó wá fi filter sọ ọ́ di mímọ́ gaara.