Ẹni Tó Da Omi Síwájú Ni Yóò Tẹ Ilẹ̀ Tútù

Kò sí ọmọ Èkìtì tó ń retí kí a túmọ̀ òwe yìí fún òun. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn tó gbọ́ ọ yékéyéké, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀yẹ́ àti ní ọgbà rẹ̀ tó wà ní Ìkọ̀lé, àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ ní Ìdó, ni wọ́n ń fi owó gidi ra géèmù orí kọ̀ǹpútà láìtọ́jú fáìlì setup rẹ̀ síbì kankan. Bí ẹ bá bi wọ́n, èsì kan náà ni: "Ó wà lórí àkáǹtì mi." Ohun tó wà lórí àkáǹtì nìkan kò tíì di tẹni. Ẹni tó sanwó, tí kò sì gba ẹ̀dà tó lè fi sórí ẹ̀rọ láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, owó ìyálò ló san.

Ẹ wo The Crew, géèmù ìdíje ọkọ̀ tí Ubisoft gbé jáde ní ọdún 2014. Géèmù náà kì í ṣí láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kódà fún ẹni tó ń dá a ṣe. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà pa sáfà rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2024, tolówó tìránṣẹ́ ló pàdánù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò pẹ́ sígbà náà tí àwọn kan ṣí àkáǹtì wọn tí wọ́n rí i pé wọ́n ti gba àṣẹ ìlò rẹ̀ kúrò. Irú ìwà báyìí ni ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà fi òfin AB 2426 kọjú sí, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2025. Òfin náà ní ilé ìtajà orí ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ pe ohun tó ń ṣe ní títà, àfi tó bá jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ kedere pé àṣẹ ìlò lásán ló ń gbà. Ọjà kan ni wọ́n yọ sílẹ̀: èyí tí oníbàárà lè dáńlóòdù síbi tí ọwọ́ olùtajà kò ti ní tó o mọ́. Ẹ kíyè sí ibi tí àwọn aṣòfin fàlà sí. Ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ ẹni ni wọ́n kà sí ohun-ìní.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ òkè òkun nìyí, kó rántí Gamsole, ilé-iṣẹ́ géèmù tí Abíọ́lá Ọláníran, ọmọ tó kàwé ní OAU, Ilé-Ifẹ̀, dá sílẹ̀ ní ọdún 2012. Orí fóònù Windows ni géèmù wọn ti kọ́kọ́ gbòde. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2019, Microsoft ti ilé ìtajà Windows Phone 8.1 pa. Ẹni tó bá pa ohun gbogbo rẹ́ lórí irú fóònù bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà, ibẹ̀ kọ́ ni yóò ti rí géèmù ọmọ Yorùbá gbà padà.

Àwọn kan á ní ilé ìtajà géèmù Steam ti wà láti ọdún 2003, kò sì lè kú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Dátà ni kí wọ́n ṣírò. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025 ni NCC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Géèmù ńlá kan lè ju 50GB lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ á yọ ọ́ kúrò kí àyè lè wà fún iṣẹ́ àṣekágbá, á tún dá a padà nígbà ìsinmi, iná BEDC á lọ láàárín méjì. Ìgbàkígbà tó bá tún un dáńlóòdù ló ń sanwó géèmù kan náà lọ́tun.

Síbẹ̀, omi dídà síwájú nìkan kò tó. Ohun tí a ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Àwọn tó ń ra géèmù lọ́dọ̀ GOG, tó ń fún oníbàárà ní fáìlì setup tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Wọ́n gbà á, wọ́n dà á sínú fódà kan ṣoṣo, wọ́n gbàgbé. Géèmù ńlá kì í wá ní fáìlì kan: setup kékeré kan tó parí sí .exe ni, pẹ̀lú ọ̀wọ́ fáìlì .bin tó ń tẹ̀ lé e. Bí .bin kan ṣoṣo bá sọnù, tàbí tó bàjẹ́ nítorí pé iná lọ nígbà tí wọ́n ń dà á kọ, ìyókù di òfo. Fódà kan fún géèmù kan, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀dà àti ọjọ́ tí wọ́n gbà á nínú orúkọ rẹ̀. Àfikún géèmù náà kó wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ó máa ń ní setup tirẹ̀. Lórí Windows, ẹ tẹ certutil -hashfile, orúkọ fáìlì, àti SHA256. Ẹ kọ àmì gígùn tó bá gbé jáde sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ tún un ṣe; bí lẹ́tà tàbí nọ́ńbà kan bá yàtọ̀, fáìlì náà kì í ṣe ọ̀kan náà mọ́. Kí ẹ sì pa íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi í sórí ẹ̀rọ wò, torí ẹ̀dà tí a kò dán wò, ìrètí lásán ni. Ẹ̀dà kejì kò gbọdọ̀ sí nínú yàrá kan náà: bí ọ̀kan bá wà ní họ́sítẹ̀lì ní Ọ̀yẹ́, kí èkejì wà nílé ní Ìdó.

Àtakò tó lágbára ni ti àwọn tó ní, kí ló dé tí a ò gba ayédèrú lórí fíláàṣì ọ̀rẹ́? Òótọ́ ni pé ayédèrú kì í bi àkáǹtì léèrè kó tó ṣí. Ṣùgbọ́n ẹni tó já àgádágodo rẹ̀ ló mọ ohun mìíràn tó dì mọ́ ọn, orí kọ̀ǹpútà kan náà sì ni iṣẹ́ àṣekágbá àti ọ̀rọ̀ ìwọlé báńkì wà. Ọmọ tó jókòó ní Ifẹ̀ tàbí Èkó láti kọ géèmù kò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Hádì díráìfù tí a ó kó ẹ̀dà sí wọ́n lóòótọ́. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta lè dá owó ra ọ̀kan, kí kálukú ní fódà tirẹ̀ fún ohun tó fowó ara rẹ̀ rà. Géèmù tí kò bá ní setup tó ń ṣí láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ dúró kí wọ́n bu owó rẹ̀ wálẹ̀ dáadáa kí ẹ tó rà á, nítorí owó ìyálò kò gbọdọ̀ tó owó ọjà.