Ó Ku Ìṣẹ́jú Àáyá 56

Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ ìjà ni a gbé wá lónìí. Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù pàápàá fi ẹni tí ń sá eré ìje àti ẹni tí ń ja ẹ̀ṣẹ́ kọ́ àwọn ará Kọ́ríńtì lẹ́kọ̀ọ́.

Ní alẹ́ 20 Oṣù Kẹjọ, ọdún 2022, ní ìlú Salt Lake City ní Amẹ́ríkà, Kamaru Usman, ọmọ Nàìjíríà tí a bí ní Auchi, gbé bẹ́líìtì rẹ̀ wá sí ojú ìjà. Ìjà UFC ni, èyí tí wọ́n ti ń lo ẹ̀ṣẹ́, ẹsẹ̀ àti ìjàkadì pọ̀. Láti ọdún 2019 ni bẹ́líìtì náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti borí nígbà 15 léraléra nínú UFC. Leon Edwards ni ó kojú rẹ̀, ẹni tí ó ti borí rí ní ọdún 2015.

Abala márùn-ún ni ìjà náà. Edwards mú ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n Usman gba èkejì, ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin. Ó ti rẹ Edwards, ojú rẹ̀ sì ti rẹ̀wẹ̀sì. Kí abala ìkẹyìn tó bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ rẹ̀ bá a wí gidigidi pé kí ó yé káàánú ara rẹ̀. Adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ti fi Usman síwájú. Àwa tí a ń fẹ́ ti ọmọ ilé wa ti gbà pé ó ti parí.

Ó ku ìṣẹ́jú àáyá 56. Edwards na ọwọ́ bí ẹni tí yóò ju ẹ̀ṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ni ó bá Usman ní orí. Usman ṣubú gbalaja, kò sì lè dìde. Bẹ́líìtì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ta ni Edwards yìí? Jàmáíkà ni wọ́n bí i sí, Birmingham ní Ìlú Ọba ni ó dàgbà sí. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tí wọ́n yìnbọn pa bàbá rẹ̀. Ọmọ náà wọ ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 17, ìyá rẹ̀ ni ó mú un lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ìjà yìí, kí ó má bàa ṣègbé sí ìgboro.

Ẹ̀yin òbí, ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wa wà. Àwọn kan nínú wa ti dẹ́kun àti máa dárúkọ ọmọ kan nínú àdúrà. Ó ń fa igbó, tàbí ó ti kúrò nílé, a sì ti kọ ìdájọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọ ẹni burú títí, a kì í fi í fún ẹkùn pa jẹ. Ẹ pè é lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má bá a wí. Ẹ kàn bi í bóyá ó ti jẹun.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń ṣe dáadáa, ẹ má fọ́nnu. Ẹ ka 1 Kọ́ríńtì 10:12. Ẹni tí ó sì ti ṣubú, kí ó rántí pé Usman tún dìde: ní Oṣù Kẹfà ọdún 2025, ó borí Joaquin Buckley ní Atlanta.

Olúwa kò ní jẹ́ kí a pa ìwé ọmọ wa dé ṣáájú àkókò. Ní orúkọ Jésù. Àmín.