Kí Eyín Tó Dunni

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni babaláwo ṣe ń dÍfá lọ́rọọrún; síbẹ̀ àwa ará Modákẹ́kẹ́ Akórayè, tí kò ju kí a gun ọ̀kadà fún ìgbà díẹ̀ kí a tó dé Ilé-Ifẹ̀, ibi ojúmọ́ ti ń mọ́ wá, níbi tí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ ìtọ́jú eyín, a kì í ronú kan eyín àfi ìgbà tí ó bá ti ń ta wá jí lóru. Iyọ̀ àti ewé ni a ó kọ́kọ́ há mọ́ ihò eyín náà. Bí ìyẹn kò bá ràn án, a ó gbé oògùn ìrora mì. Ìgbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú tán ni a ó tó lọ bá oníṣègùn pé kí ó bá wa yọ ọ́ dànù.

N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, nítorí eyín yíyọ ni a fi mọ oníṣègùn eyín láti ìgbà tó ti pẹ́, dígí kékeré tí ó sì ń tì bọni lẹ́nu kò lè rí ìdíbàjẹ́ tí ó fara pamọ́ sáàárín eyín méjì. Ní 1895 ni Wilhelm Röntgen, ará Jámánì, ṣàwárí ìtànṣán tí ń la ẹran ara kọjá, èyí tí a ń pè ní ẹ́síréè. Nígbà tí 1896 fi bẹ̀rẹ̀, Otto Walkhoff, tí òun náà jẹ́ ará Jámánì, ti fi í ya eyín ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 25 gbáko ni ó fi dúró láìmira. Lẹ́yìn èyí ni ayé fíìmù dé, tí wọ́n ní láti fi oògùn fọ̀ nínú yàrá òkùnkùn, tí ó sì jẹ́ pé bí kò bá mọ́ dáadáa, wọn a tún un yà, ara aláìsàn a sì tún gba ìtànṣán mìíràn. Kí 1990 tó dé, Francis Mouyen, oníṣègùn eyín ará Faransé, ti fi ọ̀nà mìíràn han ayé, tí ó fi jẹ́ pé lónìí ohun pẹlẹbẹ kékeré kan ni wọ́n ń fi sẹ́nu, tí àwòrán yóò sì hàn lójú kọ̀ǹpútà kí a tó ka ení dé ẹẹ́wàá, pẹ̀lú ìtànṣán tí ó kéré sí ti ayé fíìmù.

Lójú tèmi, kì í ṣe yíyára ẹ̀rọ náà ni èrè rẹ̀ tó ga jù, bí kò ṣe pé aláìsàn pẹ̀lú oníṣègùn jọ ń wo ohun kan náà. Ìyá àgbà tí wọ́n ti sọ fún láti kékeré pé kòkòrò ni ó ń jẹ eyín òun yóò rí i lójú ara rẹ̀ pé kòkòrò kankan kò sí níbẹ̀, òjìji dúdú kan lásán ni, tí kò tíì dé ibi tí iṣan eyín wà. A ó sì fi hàn án pé bí a bá dí ihò náà lónìí, eyín rẹ̀ yóò ṣì máa fọ́ obì. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá tilẹ̀ ti dé ìdí iṣan, àwòrán náà yóò sọ bí gbòǹgbò ti gùn tó àti ibi tí ó ti wọ́, kí oníṣègùn lè fọ inú rẹ̀ mọ́, kí ó sì dí i pa, láìyọ eyín náà.

Àwọn ohun ìyanu mìíràn wà, bí irú èyí tí Werner Mörmann gbé jáde ní Zurich ní 1985, tí ń ya ẹnu fún kọ̀ǹpútà, tí ẹ̀rọ yóò sì gbẹ́ èyí tí a ó fi dí eyín lójú ẹsẹ̀, láìfi ohun rọ̀bọ̀tọ̀ tí a fi ń gba àwòṣe eyín, tí ó sì ń múni bì, há ẹnu. Ó dára, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò tíì dọ́gba pẹ̀lú àpò àgbẹ̀ oníkòkó. Ní ti àwọn tí ń fi eyín funfun polówó lórí Facebook, mo kí wọn. Ọmọ Yorùbá fẹ́ràn eyín funfun, ó tún fẹ́ràn èjí, ṣùgbọ́n agbára àtijẹ iyán kò sí nínú ìpolówó wọn.

Ahọ́n àti eyín a máa jà, inú ẹnu kan náà ni wọ́n sì ń gbé. Ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ ti di ìtàn, kò sì sí ohun tí ó yẹ kí ó dí àwòrán eyín lọ́wọ́ láti gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ sọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ní Ifẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni ẹ̀rọ ẹ́síréè kékeré kan ní ilé ìlera ìlú wa, pẹ̀lú iná oòrùn tí kò gbára lé iná ìjọba. Òfin adójútòfò ìlera ti 2022 sọ adójútòfò di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, ẹ jẹ́ kí ìyá alátà pẹ̀lú rí i lò fún àwòrán eyín. Kí àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù sì dá díẹ̀ lára owó ayẹyẹ sí i.

Bí ẹ̀rọ náà bá dé, àwọn ọmọ ilé-ìwé ni kí a kọ́kọ́ mú lọ síbẹ̀. Ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́fà ni eyín ńlá kan máa ń yọ lẹ́yìn gbogbo eyín ọmọ ọwọ́, láìjẹ́ pé èyíkéyìí já kí ó tó yọ, nítorí náà ọ̀pọ̀ òbí ń rò pé òun náà yóò ká, wọn a sì jẹ́ kí ó jẹrà. Ẹ jẹ́ kí bàbá ọmọ náà wo àwòrán eyín náà lójú kọ̀ǹpútà, kí ó rí i pé kò sí eyín mìíràn lábẹ́ rẹ̀ tí yóò rọ́pò rẹ̀.