Ọwọ́ Tí Ń La Ojú Afọ́jú, Iṣẹ́ Ni A Fi Ń Kọ́ Ọ

Kò sí ìlú kan ní ilẹ̀ wa tí a kò ti lè rí i: ìyá arúgbó di orí ọ̀pá kan mú, ọmọ-ọmọ rẹ̀ di orí kejì mú, wọ́n ń lọ jẹ́jẹ́ ní etí ọ̀nà. Àwọn tí ń kọjá a wí pé, "Ó mà ṣe o, ọjọ́ ogbó ti dé." Àwa tí a ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ rí, ọmọ náà ni a máa ń kọ́kọ́ wò, nítorí pé agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ti lù, kò sì sí ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá àgbà ni a fẹ́ sọ lónìí, àti ọ̀rọ̀ ẹni tí ó yẹ kí ó là á lójú.

Ojú ọ̀pọ̀ nínú irú àwọn arúgbó bẹ́ẹ̀ kò tíì kú. Ohun kan wà nínú ẹyinjú wa tí ó mọ́ gaara bí dígí, òun ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, a máa di funfun bí omi ògì, ìmọ́lẹ̀ kò sì ní lè kọjá mọ́. Kataráàtì ni àwọn dókítà ń pe àìsàn náà. Kò sí àgbo, kò sí oògùn kíkán sójú tí ń wò ó. Abẹ nìkan ni. Nínú ìwádìí ńlá tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 sí 2007, a yẹ ojú àwọn ènìyàn tí ó lé ní 13,000 wò, gbogbo wọn sì jẹ́ ẹni 40 ọdún sókè. Nínú 100 afọ́jú tí a bá kà, 43 ni ó jẹ́ pé kataráàtì ló fọ́ wọn lójú, èyí ni pé wọ́n ṣì lè ríran. Ohun tí ó dùn wá jù ni pé nínú àwọn ojú tí a ti fi ọwọ́ kàn nítorí àìsàn yìí, ó lé ní 40 nínú 100 tí kì í ṣe dókítà ló fọwọ́ kàn wọ́n, bí kò ṣe àwọn oníṣẹ́ abẹ́rẹ́ tí ń ti dígí náà ṣubú sí ẹ̀yìn ojú. Aláìsàn a rí fìrí, a sanwó, a dúpẹ́. Nígbà tí ó bá ṣe, ojú a wú, a sì fọ́ pátápátá.

A kò bá àwọn tí ó lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ abẹ́rẹ́ wí. Ilé-ìwòsàn jìnnà, owó rẹ̀ pọ̀, oníṣẹ́ abẹ́rẹ́ sì ń wá bá ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà. Ìbéèrè wa ni pé, níbo ni oníṣẹ́ abẹ ojú gan-an wà, báwo ni a sì ti ń kọ́ ọ?

Ọ̀nà tí ó ń tọ̀ gùn. Ọdún mẹ́fà ni yóò lò ní yunifásítì kí ó tó di dókítà. Yóò fi ọdún kan ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn ọ̀gá nílé-ìwòsàn, yóò sì fi ọdún kan sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò ṣe ìdánwò kí wọ́n tó gbà á sí ẹ̀ka ojú, bóyá ní UCH ní Ìbàdàn tí ó ti ń gba aláìsàn láti ọdún 1957, tàbí ní ilé-ìwòsàn ńlá mìíràn. Ọdún púpọ̀ ni yóò tún lò níbẹ̀, pẹ̀lú ìdánwò lórí ìdánwò, kí National Postgraduate Medical College tàbí West African College of Surgeons tó fún un ní ìwé ẹ̀rí. Ẹni tí ó wọ yunifásítì ní ọmọ ọdún 18, tí ìyanṣẹ́lódì kò sì dá a dúró rárá (ta ni kì í dá dúró?), yóò ti lé ní 30 ọdún dáadáa.

A kò ráhùn nítorí gígùn ọ̀nà náà. Ojú kì í ṣe ibi tí a ń fi ọwọ́ líle kàn. Ihò tí kò tó sẹ̀ǹtímítà kan ni a ń dá sí i, ibẹ̀ ni a ó ti yọ dígí tí ó ti funfun jáde, ibẹ̀ náà ni a ó ti fi àtọwọ́dá wọlé, sínú àpò kan tí ó fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ. Bí àpò náà bá ya, wàhálà dé. Aláìsàn kò sùn. Abẹ́rẹ́ kan ni a fún un kí ojú náà má baà mọ ìrora, ó sì ń gbọ́ gbogbo ohun tí ọ̀gá ń sọ fún ọmọ iṣẹ́. Ọ̀gá lè ṣàlàyé gbogbo èyí láti àárọ̀ títí di alẹ́, ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kò ní mọ̀ ọ́n títí yóò fi ṣe é, tí yóò sì tún un ṣe, lójú ọ̀gá rẹ̀.

Nígbà tí àwa wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ẹnikẹ́ni kì í gba ìwé ẹ̀rí nítorí pé ó mọ ìwé nìkan. Wọn a rán wa lọ síwájú àwọn ọmọ kéékèèké, ọ̀gá a jókòó sẹ́yìn kíláàsì pẹ̀lú ìwé rẹ̀, òógùn a sì bò wá. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: bí kò bá sí ọmọ nínú kíláàsì ńkọ́? Ohun tí ń ṣe ọ̀pọ̀ dókítà tí ń kọ́ṣẹ́ ojú ní ilẹ̀ wa nìyẹn. Afọ́jú kún ilé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó lè san owó abẹ kò tó nǹkan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ní láti pín ìwọ̀nba tí ó bá wá láàárín ara wọn. Àìrówó aláìsàn ti di àìmọṣẹ́ dókítà.

A mọ ẹnì kan tí ó tú ìdè yìí. Govindappa Venkataswamy ni orúkọ rẹ̀, abúlé kan ní gúúsù Íńdíà ni a sì bí i sí ní ọdún 1918. Ó di dókítà ní 1944, ó wọ iṣẹ́ ológun, iṣẹ́ ìgbẹ̀bí ni ó sì wà lọ́kàn rẹ̀. Làkúrègbé burúkú kan wá dè é mọ́ ibùsùn, ó sì lọ́ àwọn ìka ọwọ́ rẹ̀ bí ẹ̀ka igi. Ẹni tí kò lè di kálàmù mú dáadáa ni ó padà lọ kọ́ iṣẹ́ abẹ ojú! Ó wá irinṣẹ́ tí ó bá ọwọ́ rẹ̀ mu, ó sì fi ọwọ́ wíwọ́ náà dánra wò títí ó fi gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Kí ó tó kú ní ọdún 2006, ojú tí ó ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún lé ní 100,000.

Ní ọdún 1976, tí ó fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní ọmọ ọdún 58, ó ṣí ilé-ìwòsàn Aravind ní ìlú Madurai pẹ̀lú ibùsùn 11 péré. Àṣà ibẹ̀ ni pé kí ẹni tí ó lágbára sanwó, kí èrè rẹ̀ sì wo ẹni tí kò ní. Wọ́n ń lọ kó àwọn afọ́jú wá láti abúlé. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọbìnrin abúlé ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ojú, kí àwọn yẹn máa tọ́jú gbogbo ohun mìíràn, kí dókítà sì máa yí láti orí tábìlì kan sí èkejì. Nígbà tí dígí àtọwọ́dá ti òkè òkun wọ́n jù, wọ́n dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1992, wọ́n ń ṣe é ní ẹ̀dínwó. Nítorí pé aláìsàn kì í wọ́n níbẹ̀, ọmọ iṣẹ́ kì í ráyè jókòó. Láti òkè òkun pàápàá ni àwọn dókítà ti ń lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn.

Ẹnìkan lè wí pé Íńdíà ni ìyẹn, pé èrò wọn pọ̀. Ṣé afọ́jú ni ó wọ́n ní Ṣakí, ní Ìkárẹ́, tàbí ní Ìjẹ̀bú-Igbó? Àwọn olóṣèlú wa ń ríbi kó wọn jọ nígbà tí wọ́n bá ń pín awò ojú ọ̀fẹ́ níwájú oníyàwòrán. Ìyá àgbà tí kataráàtì ti bò lójú a gba awò tirẹ̀, a sì fa ọ̀pá rẹ̀ padà sílé. Owó awò yẹn ni àwa ń wí. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa san owó abẹ aláìní fún ilé-ìwòsàn tí ń kọ́ àwọn dókítà, iye ojú tí wọ́n bá là ni kí wọ́n fi gba owó náà, kí wọ́n sì ra ọkọ̀ tí yóò máa kó àwọn aláìsàn lọ tí yóò sì máa kó wọn bọ̀. Ní ti àwọn dókítà tí ń sá lọ sí ìlú òyìnbó, a ti bú wọn tó. Owó oṣù wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó lo ọdún 14 láti kọ́ iṣẹ́ kì í fẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀.

Bí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ wa bá tún jókòó lórí ìwé ìṣirò owó ọdún, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa bi kọmíṣọ́nnà ètò ìlera: dókítà mélòó ni ń kọ́ṣẹ́ abẹ ojú lábẹ́ yín, ojú mélòó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ là láti ìgbà tí ó ti bẹ̀rẹ̀?